Iná Kò Ní Àká: Àlàyé lórí Ìwà Iná Mànàmáná àti Ọ̀nà tí A Gbà ń Sọ̀rọ̀ Rẹ̀ ní Agbowó

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe nínú bébà yìí ni pé kí á ṣe àlàyé díẹ̀ nínú àwọn ìwà tí iná mànàmáná máa ń hù, tí ó sì máa ń ya àwa tí a ń lò ó lẹ́nu. A ó fi àwọn ìwà wọ̀nyí wé àwọn gbólóhùn tí àwa Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa iná, kí á lè mọ ibi tí èdè wa ti sọ òótọ́ nípa rẹ̀ àti ibi tí ó ti lè ṣì wá lọ́nà. A kò sọ pé onímọ̀ ẹ̀rọ ni wá. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ní Agbowó kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ iná kò kan òun.

Ohun tí ó mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí a ń gbé ní Agbowó, ní òdìkejì títì sí Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pọ̀ jù nínú ilé náà. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, iná ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà ń ṣe bàìbàì. Gílóòbù a kàn máa pọ́n bí ẹ̀yín iná, fáànù kò sì lè yí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ayálégbé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ náà pe oníṣẹ́ iná pé kí ó bá àwọn yí wáyà àwọn sí ibi tí iná ti dára. Ó wá ku ìyá kan ṣoṣo tí ó ń ta omi tútù àti ẹlẹ́rìndòdò níwájú ilé. Òun kò yí tirẹ̀ nítorí pé kò tíì rí owó oníṣẹ́ iná san.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò oníjì, iná dé. Ní yàrá tiwa, bàìbàì ni. Ṣùgbọ́n gílóòbù yàrá ìyá yìí mọ́ bí ojú ọ̀sán. Àwọn ọmọdé hó yèè, àwọn àgbà sì ń ṣe àwàdà pé ẹni tí gbogbo wa fi sílẹ̀ ni Ọlọ́run gbè. Kò pẹ́ rárá tí gílóòbù náà fi bẹ́. Òórùn rọ́bà tí ń jó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Nígbà tí a fi máa já súwíìṣì ńlá ilé náà wálẹ̀, fìríìjì tí ìyá náà fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ti kú. Ní ọjọ́ kejì, àlàyé tí àwọn aládùúgbò fún un ni pé, “Iná tí wọ́n fún yín ni ó pọ̀ jù.”

Gbólóhùn yìí ni ó jẹ wá lógún. Ta ni “wọ́n”? Kí ni wọ́n fún un? Kí ni ó dé tí ti àwa yòókù fi kéré ní alẹ́ kan náà tí tirẹ̀ fi pọ̀? Èrò wa ni pé ẹni tí ó bá fi ojú iná ààrò wo iná mànàmáná kò ní rí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni ó sábà máa ń mú wa fi ojú bẹ́ẹ̀ wò ó.

2.0 Ọ̀rọ̀ Kan, Ohun Méjì

Nígbà tí ohun titun yìí dé ilẹ̀ wa ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tan iná ní Èkó, orúkọ méjì tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a so pọ̀ láti fi pè é: iná, èyí tí a fi ń dáná, àti mànàmáná, èyí tí ó máa ń kọ lójú ọ̀run bí òjò bá ṣú. Orúkọ náà bá a mu gan-an. Ohun kan náà ni mànàmáná ojú ọ̀run àti agbára inú wáyà jẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, mànàmáná ti já sílẹ̀, iná nìkan ni ó kù lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) (a) Iná ti kú.
    (b) Ó fi eérú bo iná.
    (c) Ọmọ náà gba iná wá láti ilé kejì.

(2) (a) Iná ti lọ.
    (b) Wọ́n ti mú iná lọ.
    (c) NEPA ti mú iná dé.

Iná ààrò ni (1) ń sọ nípa rẹ̀. Iná mànàmáná ni (2) ń sọ nípa rẹ̀. Lóòótọ́ ni a máa ń sọ pé kí ẹnì kan “pa iná” yàrá, bí ìgbà tí a bá pa àtùpà. Ṣùgbọ́n bí iná bá dédé dáwọ́ dúró ní gbogbo àdúgbò, a kì í sábà sọ pé ó kú. A ó sọ pé ó lọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ohun tí ó kú ti tán. Ohun tí ó lọ wà níbìkan. Bí a bá sì sọ pé ẹnì kan mú un lọ, a ti gbà pé ó wà lọ́wọ́ ẹni náà, ó kàn kọ̀ láti dá a padà ni.

Kókó kejì ni ọ̀rọ̀ “wọ́n”. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé nínú gírámà Yorùbá, “wọ́n” lè jẹ́ olùwà tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni ní pàtó. Bí mo bá sọ pé, “Wọ́n bí mi ní Ìbàdàn,” kò sí ẹni tí yóò bi mí pé ta ni àwọn ènìyàn náà. Nítorí náà, gbólóhùn (2b) lè túmọ̀ sí pé iná kò sí mọ́, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó sì tún lè túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn kan jókòó níbìkan, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gba iná lọ́wọ́ wa. Ìtumọ̀ kejì yìí ni etí wa sábà máa ń gbọ́. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún wa láti fi (2c) rọ́pò rẹ̀, kí á sì dárúkọ ẹni tí a rò pé ó ṣe é.

Orúkọ tí a ń dá náà yẹ fún àkíyèsí. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1972 ni wọ́n pa iléeṣẹ́ ECN àti àjọ tí ń bójú tó àwọn ìdídò Odò Ọya pọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di NEPA. Ní ọdún 2005, orúkọ náà kúrò nílẹ̀, PHCN gba ipò rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013, iléeṣẹ́ aládàáni tí à ń pè ní IBEDC ni ó ń pín iná fún Ìbàdàn. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí NEPA ti di ìtàn ṣì ń pariwo “Ọ́ọ̀pù NEPA!” bí iná bá dé. Orúkọ iléeṣẹ́ ti di orúkọ ohun tí iléeṣẹ́ náà ń tà. A máa ń gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé, “Ṣé NEPA ni àbí jẹnẹrétọ̀?” Nínú ìbéèrè yìí, NEPA kì í ṣe iléeṣẹ́ mọ́, iná tí ó gba orí òpó wá ni.

3.0 Iná Kò Ní Àká

3.1 Iná tí a kò lè fi eérú bò

Ní ayé àtijọ́, ìyálé ilé a máa fi eérú bo iná lálẹ́, kí ó lè bá a láàárọ̀. Bí tirẹ̀ bá sì kú, a gba tẹ́ni kejì. Èyí ni pé iná ààrò ṣeé tọ́jú, ó sì ṣeé yá ènìyàn. Àṣà yìí ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bíi “ẹ̀rọ amúnáwá”. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, a ó rí a-mú-iná-wá, bí ẹni pé iná ti wà níbìkan tí ẹ̀rọ náà lọ gbé e.

Iná orí òpó kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Michael Faraday ti fi hàn ní ọdún 1831 ni a ti mọ̀ pé bí a bá ń yí òòfà nínú wáyà bàbà tí a ká jọ, agbára yóò jáde nínú wáyà náà. Bí òòfà bá dúró, agbára náà dúró ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Iná tí ń tàn lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó nísinsìnyí, nísinsìnyí náà ni wọ́n ń ṣe é. Kò sí àgbá tí wọ́n pọn ọ́n sí, kò sì sí àká tí wọ́n kó o sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá tan fáànù kún un, ẹrù díẹ̀ ti kún ti ẹ̀rọ tí ó ń yí ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ náà yóò fẹ́ rọra falẹ̀, àfi bí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ bá fi omi tàbí gáàsì kún èyí tí ń yí i.

Ẹnì kan lè béèrè pé bátìrì ńkọ́? Bátìrì kì í tọ́jú iná gẹ́gẹ́ bí iná. Ó máa ń sọ agbára náà di ohun mìíràn nínú èròjà tí ó wà nínú rẹ̀, a sì tún padà sọ ọ́ di iná nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Bí a bá ń wá àká iná, ohun tí a fi ń ṣe iná ni kí á wò.

3.2 Odò Ọya ni àká

Ìdídò Kainji ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún èyí. Ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1968. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ 760 megawatt. Láti ibẹ̀, iná ń gba Jẹ́bà àti Òṣogbo wá sí Ìbàdàn lórí wáyà tí agbára títì rẹ̀ jẹ́ 330,000 volt. Omi tí wọ́n sé mọ́ ẹ̀yìn ìdídò náà ni àká.

Ohun ìyanu kan wà nínú àká yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni omi máa ń kún wọ inú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni omi òjò tí ó rọ̀ nítòsí, tí ó máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Erùpẹ̀ a máa pọ̀ nínú rẹ̀, omi funfun ni wọ́n sì ń pè é. Èkejì ni omi dúdú. Orí òkè ilẹ̀ Guinea ni òjò tirẹ̀ ti rọ̀. Ó gba ilẹ̀ Mali kọjá, ó tẹ́ sílẹ̀ ní àbàtà ńlá tí ó wà níbẹ̀, erùpẹ̀ inú rẹ̀ sì rọlẹ̀. Nítorí náà, ìgbà ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó tó dé Kainji. A lè máa jẹ ọ̀gbẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, kí òjò tí ó ti rọ̀ ní Guinea láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn sì máa yí ẹ̀rọ tí ó tan gílóòbù wa.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn òrìṣà kò ní ṣàì rántí ohun mìíràn níbí. Odò tí wọ́n dí ní Kainji, Ọya ni à ń pè é, Ọya sì ni aya Ṣàngó. Nínú ìtàn kan tí àwọn onísàngó máa ń sọ, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Ṣàngó rán Ọya lọ láti bá a gba oògùn tí yóò máa fi yọ iná lẹ́nu. Ọya tọ́ ọ wò lọ́nà, iná sì ń yọ lẹ́nu tirẹ̀ náà. Borgu, ilẹ̀ Ìbàrìbá, ni Kainji wà. Ní ọdún 1964 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdídò yìí gan-an ni Ben Enwonwu gbẹ́ ère Ṣàngó fún olú-iléeṣẹ́ oníná ní Marina, Èkó. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni fi ojú ìtàn yìí yan ibi tí wọ́n dí odò sí. Bí omi ṣe ń ṣàn àti bí ilẹ̀ ṣe rí ni wọ́n fi yàn án. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí pé, nínú ìtàn náà pàápàá, Ọya kò gbé iná wálé nínú ìkòkò. Ohun tí iná ti ń jáde ni ó gbé wá.

Lónìí, ẹ̀rọ onígáàsì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ Ẹ̀gbìn nítòsí Ìkòròdú, tí wọ́n kọ́ ní àárín ọdún 1980 sí 1989, lágbára tó 1,320 megawatt. Gáàsì kò ní adágún tí ó dà bí ti Kainji. Bí gáàsì inú páìpù bá dáwọ́ dúró, kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò fi dáwọ́ dúró.

3.3 Ọ̀pọ̀ ọmọrí odó nínú odó kan

Gbogbo àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ni a so pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á fi wọ́n wé àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń gún iyán nínú odó kan. Bí ìró ọmọrí odó wọn bá bára mu, iṣẹ́ náà yá. Bí ọ̀kan bá ṣi ìgbà tirẹ̀, ọmọrí odó yóò kọlu ọmọrí odó. Ní Nàìjíríà, àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí wáyà náà gbọ́dọ̀ jọ máa lù. Òṣogbo ni ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ìlù yìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Bí ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ ńlá bá dédé bọ́ sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí àwọn yòókù, ìlù wọn sì falẹ̀. Bí ó bá falẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ń dáàbò bò ó tí yóò já a kúrò kí ó má baà bàjẹ́. Bí ọ̀kan bá ti já, ti àwọn tí ó kù tún wúwo sí i, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wó lulẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. Ju ìgbà mẹ́wàá lọ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2024 nìkan. Láti dènà rẹ̀, àwọn tí ń ṣọ́ ìlù máa ń já àwọn àdúgbò kan sílẹ̀ kí ìyókù lè dúró.

A wá rí i pé “Wọ́n ti mú iná lọ” ní ìtumọ̀ méjèèjì tí a sọ ṣáájú. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ni ó já wa lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé kí gbogbo ilé má baà wó ni ó ṣe já wa. Nígbà mìíràn, kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, kò sí ibi tí wọ́n mú iná náà lọ. Wọ́n kò ṣe é mọ́ fún wa ni.

Ìyanu mìíràn ni pé iléeṣẹ́ tí ń ṣe iná nílò iná kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń fa omi, tí ń fẹ́ atẹ́gùn, tí ń ti epo, iná ni gbogbo wọn ń lò. Bí gbogbo rẹ̀ bá wó, a ní láti wá iléeṣẹ́ tí ó lè fi ẹ̀rọ kékeré gbé ara rẹ̀ dìde. Àwọn tí ń lo omi, bíi Shiroro, ni ó sábà rọrùn fún. Àwọn yòókù ni yóò wá gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi yìí ni gbólóhùn (1c), tí ó jẹ́ ti iná ààrò, ti bá iná mànàmáná mu láìkù síbìkan.

4.0 Ohun tí Kò Rìn tí Iṣẹ́ Rẹ̀ sì Dé

Bí iná bá “dé”, a lè rò pé ohun kan rìn láti Kainji tàbí Ẹ̀gbìn títí dé Agbowó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kóńkóló tí ń ru agbára náà nínú wáyà, tí à ń pè ní electron, ti wà nínú wáyà ilé wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ wáyà náà. Ṣe ni wọ́n ń lọ síwájú díẹ̀, tí wọ́n ń padà sẹ́yìn díẹ̀, ní àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí wọ́n ń dé kò tó ibi tí a lè fi ojú lásán rí.

Ẹni tí ó bá ti rí àwọn agégẹdú àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi ayùn ọlọ́wọ́ méjì la igi yóò mọ ohun tí a ń sọ. Ẹnì kan dúró lókè, ẹnì kejì dúró nísàlẹ̀. Ọ̀kan fà, èkejì fà. Ayùn náà kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ igi là, pákó sì jáde. Pákó tí ń bẹ ní ọjà Bódìjà lónìí, ayùn ẹlẹ́rọ ni ó là á, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò yí padà. Bí ẹni òkè bá ti fà, ẹni ìsàlẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ayùn náà kò lọ jìnnà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbára ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wa ní ìyára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀, nígbà tí àwọn electron wà ní ojú kan tí wọ́n ń mì.

Àfiwé yìí tún jẹ́ kí á mọ ìdí tí wáyà fi gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ayùn kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń fà á tí kò sí ibi tí yóò gbà padà. Iná náà gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà lọ àti ọ̀nà tí yóò gbà bọ̀. Ọ̀nà àbọ̀ yìí ni yóò mú wa padà sí ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́rìndòdò.

5.0 Alẹ́ tí Iná Mọ́ Jù

Láti ara tiransfọ́mà àdúgbò, wáyà mẹ́rin ni ó ń jáde. Àwọn oníṣẹ́ iná ń pe mẹ́ta ní fésì, wọ́n sì ń pe ìkẹrin ní nútírà. Láàárín fésì kan àti nútírà, 230 volt ni ó wà, èyí tí ohun èlò ilé fẹ́. Láàárín fésì kan àti fésì kejì, 400 volt ni. Wọ́n máa ń pín yàrá sí orí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹrù má baà pọ̀ jù lórí ọ̀kan.

Bí ẹrù bá pọ̀ jù lórí fésì kan, volt rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Èyí ni ọ̀kan nínú ohun tí a ń pè ní hááfù kọ́rẹ́ǹtì. Ohun tí a sì máa ń ṣe ni pé kí á sá lọ sí fésì tí ó dára. Ṣùgbọ́n ẹrù wa ni a gbé sá lọ. Bí gbogbo wa bá dé ibẹ̀ tán, ibẹ̀ náà yóò di bàìbàì, èyí tí a fi sílẹ̀ yóò sì dára. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa gan-an nìyí.

Kí wá ni nútírà ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí á ro okùn kan tí a so àárín rẹ̀ mọ́ èèkàn. Ẹgbẹ́ kan ń fà á ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹgbẹ́ kejì ń fà á ní ọwọ́ òsì. Níwọ̀n ìgbà tí èèkàn bá dúró, okùn tí ó wà láàárín ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti èèkàn kò ní gùn ju ara wọn lọ, bí ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ lágbára ju èkejì. Bí èèkàn bá wá fà tu, ẹgbẹ́ alágbára yóò fa àárín okùn sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò kúrú, ti ọ̀dọ̀ aláìlágbára yóò sì gùn. Nútírà ni èèkàn. Gígùn okùn ni volt. Ẹgbẹ́ alágbára ni fésì tí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìjì ti já nútírà ilé wa lórí òpó. Àwa tí a kó ara wa jọ sórí fésì kan fa àárín sọ́dọ̀ ara wa, iná tiwa sì ṣe bàìbàì. Ìyá tí ó dá wà lórí tirẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù kan àti fìríìjì kan ni ó gba ohun tí ó kù, èyí tí ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 volt. Ẹni tí ó ń lo díẹ̀ jù ni púpọ̀ jù bọ́ sí lọ́rùn. Kò sí ẹni tí ó fi iná púpọ̀ ránṣẹ́ sí i láti ibìkankan. Iye tí ó wọ ilé náà kò yí padà. Bí a ṣe pín in láàárín ara wa ni ó yí padà. Nínú “iná tí wọ́n fún yín”, àwa aládùúgbò rẹ̀ ni “wọ́n”, a kò sì mọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé “iná pọ̀” tàbí “iná kéré” kò tó láti fi ṣe àlàyé. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, ó sì jẹ́ kí á máa yọ̀ bí gílóòbù bá mọ́ jù. Bí gílóòbù bá mọ́ ju bí ó ti máa ń mọ́ lọ, pàápàá bí ti ẹlòmíràn nínú ilé kan náà bá ń ṣe bàìbàì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀. Súwíìṣì ńlá ni kí á kọ́kọ́ já wálẹ̀, kí á tó pe oníṣẹ́ iná.

6.0 Ẹyẹ, Àdán àti Ènìyàn

Àwọn àgbà ní ẹyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ ẹyẹ. Lórí wáyà iná, ara rọ ẹyẹ. Ẹyẹ lè bà lórí wáyà tí ó ní 11,000 volt kí ohunkóhun má ṣe é, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí wáyà kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀nà àbọ̀ fún iná láti gba ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdán ńlá tí ó bá na ìyẹ́ apá rẹ̀ kan wáyà méjì ti di ọ̀nà àbọ̀ náà, ikú sì ni èrè rẹ̀. Ènìyàn tí ó dúró sórí ilẹ̀ burú ju àdán lọ, nítorí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà àbọ̀. Bí ó bá fi ọwọ́ kan wáyà kan ṣoṣo, ọ̀nà náà ti pé.

Níbi yìí, èdè wa sọ òótọ́ tí ó jinlẹ̀. Iná ààrò a máa jó ènìyàn. Iná mànàmáná a máa gbé ènìyàn. A kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan rọ́pò èkejì. Ọ̀rọ̀-ìṣe “gbé” yìí náà ni a ń lò fún àgbàrá òjò tí ó gbé ọmọ lọ. Ohun tí ó ń ṣàn gba ibìkan kọjá ni ó máa ń gbé ènìyàn, iná mànàmáná kò sì lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gba ara rẹ̀ kọjá. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé “iná gbé e” ti mọ̀ pé iná méjì náà kò rí bákan náà.

“Wọ́n ti mú iná lọ” ni kò sọ òótọ́ bẹ́ẹ̀, òun ni ó sì léwu jù. Ẹni tí ó bá gbà pé wọ́n ti mú iná lọ yóò gbà pé wáyà ti ṣófo bí ààrò tí a ti gbọ̀n. Ó lè jẹ́ pé fésì kan ni ó lọ, tí méjì ṣì wà. Ó sì lè jẹ́ pé aládùúgbò kan ti so ẹ̀rọ amúnáwá kékeré rẹ̀, irú èyí tí à ń pè ní “I better pass my neighbour”, mọ́ wáyà ilé láìkọ́kọ́ já ti orí òpó kúrò. Tiransfọ́mà kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí ó ṣe ń sọ 11,000 volt di èyí tí ilé ń lò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè sọ ti ẹ̀rọ kékeré yẹn di 11,000 volt lórí wáyà tí òṣìṣẹ́ kan ń tún ṣe pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé iná ti lọ. Nítorí náà, súwíìṣì tí kò jẹ́ kí iná méjèèjì pàdé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó ń ṣọ́. Bí wáyà bá sì já sílẹ̀ ní títì, kí á má ṣe sún mọ́ ọn, yálà iná wà ní àdúgbò tàbí kò sí. Ẹni tí ó bá ti wà nítòsí rẹ̀ kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ó sì máa wọ́ wọn nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá jìnnà síra, iná inú ilẹ̀ lè gba ọ̀kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde.

7.0 Ìkádìí

Nínú bébà yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé iná mànàmáná kò ní àká, pé ohun tí a fi ń ṣe é ni ó ní. Pé kò rìn wá bá wa bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a sọ pé ó dé. Àti pé ìwà tí ó ń hù ní yàrá ẹnì kan kò ṣeé yà kúrò lára ohun tí àwọn aládùúgbò ẹni náà ń lò. A tún fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe “gbé” bá ìwà rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n “mú lọ” ń fi ojú iná ààrò wò ó. A kò dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú sísọ pé wọ́n ti mú iná lọ. Èdè kò gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀; NEPA tí ó ṣì wà lẹ́nu wa ti tó ẹ̀rí. Ohun tí a ń sọ ni pé àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá, tí a sì ń fi kọ́ni, ní iṣẹ́ láti ṣe níbi tí ọ̀rọ̀ àti ohun tí ọ̀rọ̀ dúró fún bá ti yà síra, pàápàá níbi tí ìyàtọ̀ náà bá lè gba ẹ̀mí tàbí oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn.

Ní ti ilé wa, oníṣẹ́ iná so nútírà náà padà ní ọjọ́ kejì, kò sì lò tó ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, a jọ jókòó, a sì tún yàrá pín sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó ti yẹ kí ó rí tẹ́lẹ̀. Fìríìjì ìyá náà kò ṣeé tún ṣe. Yìnyín ni ó ń rà láti fi mú ọjà rẹ̀ tutù títí di ìgbà tí a ń kọ bébà yìí.